Bútà Aláwọ̀ Ewé

Ísáàlì tí mo fi ń nulẹ̀ ṣì máa ń ta sí mi nímú nígbàkigbà tí mo bá rántí wọ́ọ̀dù náà, ní ọsibítù kan níbí ní Ìwó. Ibẹ̀ ni mo ti ba ìyá kan lórúkọ jẹ́. Kí n tètè sọ ìyẹn ná, kí o má baà rò pé mo fẹ́ yin ara mi.

Bútà ike kan wà lọ́wọ́ mi, aláwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá ti pèrun, màá gbé e láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì kí àwọn tí kò lè dìde fi ṣe àlùwàlá. Ẹni tí egbò rẹ̀ wà nínú báńdéèjì á fi ọwọ́ tútù pa báńdéèjì náà lórí, bí wọ́n ti kọ́ wa ní ilé kéú. Wọ́n ń ṣàdúà fún mi, ìwọ náà mọ bí àdúà ṣe ń dùn létí. N kì í da omi inú rẹ̀ nù. Bó bá ti lọ sílẹ̀, màá bu kún un.

Nígbà tó yá, egbò aláìsàn mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún, abẹ́rẹ́ ò sì ràn án. Ìyá kan láti Kuta ń tọ́jú ọkọ wọn létí fèrèsé. Egbò ti bàbá yẹn ti ń ṣọyún kí wọ́n tó gbé e dé, ìyá náà sì máa ń fi omi ewé nu ún lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí, mo sọ ọ́ sókè: "Ọ̀dọ̀ Ìyá Kuta ló ti wá. Ẹ ò rí omi ewé yẹn ni?" Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tún wá gbè mí lẹ́yìn: orúkọ kan náà ni kòkòrò inú egbò bàbá yẹn àti ti àwọn mẹ́ta náà ń jẹ́, oògùn kan náà ni kò ran gbogbo wọn. Báwọn ará wọ́ọ̀dù ò ṣe bá Ìyá Kuta pín oúnjẹ mọ́ nìyẹn. Wọ́n ní kí Ìyá Kuta gbé ọkọ wọn lọ sí kọ́rídọ̀. Ìyá náà kàn fa àga wọn sún mọ́ ògiri.

Nọ́ọ̀sì àgbà wa ló ní ká dúró ná. Wọ́n fi òwú nu gbogbo nǹkan, títí kan egbò àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti inú bútà mi, wọ́n fi òwú náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń yẹ àbùdá kòkòrò wò, ìyẹn ohun tí òbí ń fi sílẹ̀ sára ọmọ. Nígbà tí èsì dé, wọ́n pè mí.

"Múfútáù bíi tìrẹ mélòó ló wà ní Ìwó?"

"Wọn ò lóǹkà, mà."

"Ṣé bàbá kan ló bí wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín.

"Kòkòrò ará Kuta kàn bá ti àwọn yòókù jórúkọ ni, ìdílé wọn ò pa pọ̀. Ṣùgbọ́n ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Inú bútà rẹ la ti rí ìkẹrin wọn."

Onísọ́ọ̀ṣì ni Ìyá Kuta àti ọkọ wọn. Bútà mi ò dé ọ̀dọ̀ wọn rí.

Wọ́n rí oògùn mìíràn tó ran àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo wọn ló sì fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé, ọkọ Ìyá Kuta náà. Báyìí, kálukú ló ní bútà tirẹ̀. À ń fọ inú rẹ̀, à ń dojú rẹ̀ délẹ̀ kó gbẹ. Omi ò gbọdọ̀ kan báńdéèjì mọ́, àáfà fúnra wọn ló wá là á yé àwọn aláìsàn pé Ọlọ́run ò ni wọ́n lára. Mo bá wọn yọ̀, inú mi sì ń dùn sí iṣẹ́ mi.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Kuta, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá náà bu oúnjẹ fún mi kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ṣé èmi nìkan ni mo wà ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tí o sọ̀rọ̀ náà?"

Láti ìgbà náà, mo ti dé Ilé-Ogbó, mo ti dé Olúpọ̀nnà, mo ti sọ fún méjì nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ọwọ́ mi ni kòkòrò náà ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Ìyá Kuta. Ẹnì kẹta ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, n kò mọ ilé. Títí n ó fi rí i, mo ṣì jẹ Ìyá Kuta ní gbólóhùn kan.