Lọ́rì Baba Làsísì Tó Gùn Tó Rúlà Kan

Ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà tí Olúgbénró Sànyà ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà Ọba Akran, ní Ìkẹjà, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́: òun ni ó ń po àwọ̀. Bí oníbàárà bá mú àfọ́kù àwo kan wá pé irú àwọ̀ yìí gan-an ni òun ń fẹ́, Olúgbénró ni wọn yóò pè. Yóò wò ó ní oòrùn, yóò wò ó lábẹ́ iná, yóò sì po ọ̀dà tí ojú kò ní lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára àfọ́kù náà. Iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ wà nílé, lórí tábìlì kan lẹ́bàá fèrèsé, ní ojúlé kejì sí tèmi ní Agége. Ibẹ̀ ni ó ti ń kan ọkọ̀ kéékèèké.

Kí ẹ má ṣe rò pé mọ́tò agolo tí àwọn ọmọdé ń fi okùn fà ni mo ń sọ. Ọkọ̀ tí Olúgbénró bá kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ àwòrán ọkọ̀ kan pàtó, tó ní nọ́ńbà, tó ní awakọ̀, tó sì ní ibi tó ti fara gbá rí. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í yẹ̀: ìdá kan nínú ogún. Ọkọ̀ tó gùn ní ogún ẹsẹ̀ bàtà lójú títì yóò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan lórí tábìlì, èyí tí í ṣe gígùn rúlà ilé ìwé. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò ìdá nígbà tó wà ní kíláàsì karùn-ún ní ọdún 1972, inú mi sì máa ń dùn láti sọ ọ́.

Ọdún 1989 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ti mú kí gọ́ọ̀mù òkè òkun di ohun tí a ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lásán. Nǹkan mìíràn ni Olúgbénró fi ń rọ́pò ohun gbogbo. Mo tò wọ́n sílẹ̀ nígbà náà báyìí:

Ara ọkọ̀: agolo mílíìkì tí a là, tí a fi ìgò yí mọ́lẹ̀ títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ.
Táyà: àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó, tí a fi abẹ gé róbótó.
Gíláàsì: fíìmù tí wọ́n fi ya àwòrán egungun ní ọsibítù, tí a fọ̀ títí tó fi mọ́ gaara.
Páìpù èéfín: ike inú bíró.
Ìpáàrà irin: bíríkì tí a lọ̀ kúnná, tí a fi omi tíì pò.
Imú ọkọ̀: àwọ̀n fèrèsé yàrá, tí a gé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìyàwó ilé.

Tẹ́júọlá, ìyàwó rẹ̀, kò gbàgbé ti àwọ̀n yẹn. Bí mo bá ti wọlé báyìí ni yóò bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, sà. Ẹ bá mi bi ọmọ iléèwé yín, àwọn ẹ̀fọn tó ń jẹ wá lálẹ́, ṣé ìdá kan nínú ogún ni àwọn náà?"

Olúgbénró yóò kàn tẹrí ba sórí táyà rẹ̀, yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Baba Làsísì ni ó mú un wọ ilé iṣẹ́ ọ̀dà náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Baba, àdúgbò wa ni ó ń gbé, láti ọdún 1968 ni ó sì ti ń fi lọ́rì Bẹ́dífọ́ọ̀dù kan ṣoṣo gbé ọ̀dà lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin. Bí ó bá jókòó tì yín, ọ̀rọ̀ lọ́rì ni ẹ óò gbọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ní oṣù Kejì ọdún tí mo wí yìí, ilé iṣẹ́ ní kí Baba máa lọ sinmi. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, wọ́n ta lọ́rì náà fún àwọn tó ń fi gáàsì gé irin. Baba sáré lọ síbẹ̀ kí ó lè rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó fi débẹ̀, ìlẹ̀kùn kan àti táyà mẹ́rin ni ó kù nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ lọ́rì mọ́. Ó kàn sọ pé òun yóò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí ààwẹ̀ tó wọlé.

"Ọ̀gá, Baba ò lè lọ sílé báyìí, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan láyé," ni Olúgbénró wí fún mi. "Mo fẹ́ kó gbé lọ́rì rẹ̀ dání lọ."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi kàn án. Ó ti wọn ọkọ̀ náà tipẹ́tipẹ́ sínú ìwé kan. Ó kan ibi tó tẹ̀ lára mọ́gáàdì òsì, èyí tí ọkọ̀ mìíràn ṣe é ní Maryland. Ó fi pákó méjì tí kò bára mu ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi erùpẹ̀ pupa ra abẹ́ rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù ni ìlẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí Olúgbénró ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó pò láti fi tún ìlẹ̀kùn lọ́rì gidi náà kùn tàn ju ti ara ọkọ̀ lọ díẹ̀. Ó tún àṣìṣe náà pò gẹ́gẹ́ bó ti rí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí Baba yóò lọ, mo mú ìwé àyẹ̀wò tí mo fi máa ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò wá. Nǹkan méjìlélógójì ni mo tò sínú rẹ̀. Mo dé orí ìkọkànlélógún, mo dúró.

"Gbénró, ọwọ́ wo ni sítíárì yìí wà?"

"Ọwọ́ ọ̀tún ni, sà."

"Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni a kúrò ní apá òsì títì, tí a bọ́ sí apá ọ̀tún. Ta ló kọ ọ́ sójú pátákó fún yín?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Láti ìgbà náà, ọwọ́ wo ni sítíárì ń wà?"

Ó ṣí ìwé tó fi wọn ọkọ̀ náà. Ó tún pa á dé. "Ọwọ́ òsì ni, sà."

Mo fi bíró pupa fa ìlà sí i nínú ìwé mi. Ó gbé sítíárì náà sí òsì lójú mi.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Baba wá kí wa pé ó dìgbóṣe. Ọkọ̀ tí yóò gbé e ti dúró níta. Olúgbénró ṣí aṣọ kúrò lórí tábìlì. Baba bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka kan tọ́ ibi tó tẹ̀ lára mọ́gáàdì, ó fi ìka tọ́ ìlẹ̀kùn, ó wo inú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó nàró.

"Iṣẹ́ dára. Ọlọ́run á bù sí i. Ọkọ̀ ta ni?"

Ojú Olúgbénró wálẹ̀.

"Baba, tiyín mà ni!" ni Tẹ́júọlá wí.

"Tèmi kọ́, ìyàwó. Ó jọ ọ́ ni. Níbo ni èmi jókòó sí nínú eléyìí?" Ó na ọwọ́ sí apá ọ̀tún. "Etí kòtò ni mo jókòó sí fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Gbogbo ọkọ̀ ni wọ́n yí sítíárì wọn. Tèmi, wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Jimoh ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ni ojú òsì mi. Bí mo bá fẹ́ ya ọkọ̀ kan sílẹ̀, á yọ orí síta, á ní, 'Ó ṣófo, Baba! Ẹ gbé e!'" Ó mi orí. "Ẹ jẹ́ kí èyí wà níbí. Ẹni tó ni ín á wá gbé e."

Ó yí padà sí ẹnu ọ̀nà. Olúgbénró kò wo ojú mi. Mo mọ̀ pé títí ayé ni kò fi ní sọ ẹni tó jẹ̀bi.

"Baba, ẹ dúró," ni mo wí. "Ọ̀tún ni ọmọ yìí fi í sí. Èmi ni mo ní kó gbé e kúrò."

Baba wò mí láti òkè délẹ̀. "Tíṣà, ẹ wọ lọ́rì mi rí?"

"N kò wọ̀ ọ́ rí."

"Háà! Ẹ jókòó sí kíláàsì, ẹ wá wa gbogbo lọ́rì Nàìjíríà!" Ẹ̀rín pa Tẹ́júọlá, ó di ògiri mú.

Olúgbénró ti mú abẹ́rẹ́. Ó yọ sítíárì náà jáde láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Nígbà tó fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gún apá ọ̀tún, mo rí i pé kò dí ihò àkọ́kọ́. Ọ̀dà kínkínní ni ó fi bo ojú rẹ̀.

"Mo ní bóyá ẹ óò padà béèrè, sà," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó ti sítíárì bọ ihò náà. Baba tún bẹ̀rẹ̀, ó pa ojú kan dé, ó fi èkejì wo inú ọkọ̀ pẹ́.

"Ibẹ̀ ni mo wà," ni ó wí. "Ibẹ̀ gan-an."

Kò gbà kí a fi lọ́rì náà sí búùtù pẹ̀lú ẹrù. Orí itan ni ó gbé e lé, pẹ̀lú imú rẹ̀ síwájú, ó sì ti ń sọ fún awakọ̀ tó ń gbé e lọ bí lọ́rì náà ṣe ń gun òkè. Mo mú bíró, mo pa ìlà pupa mi rẹ́, mo sì kọ méjìlélógójì nínú méjìlélógójì.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn dé ẹnu títì, Olúgbénró sáré ṣíwájú rẹ̀. Ó na ọrùn, ó wo apá òsì.

"Ó ṣófo, Baba!" ni ó kígbe. "Ẹ gbé e!"