Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Bá Mi Mú Ìbọn Dán

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ mi níṣojú gbogbo ìlú.

Ìbọn kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni! Àmọ́ ẹ má sá. Ìbọn ìléwọ́ kékeré kan ni, irú èyí tí inú rẹ̀ máa ń yípo bí a bá ti ń fà á. Kò ní ọta, ariwo lásán ló ń pa. Òun la fi ń dá eré ìje sílẹ̀ lọ́jọ́ spọ́ọ̀tì ní ilé-ìwé wa ní Ìkẹ́rẹ́, ní ọdún mélòó kan kí a tó gba òmìnira, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà.

Pápá wa kọjú sí òkè Olósùnta. Bí a bá yin ìbọn náà, àpáta á gba ohùn rẹ̀, á sì dá a padà jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹlòmíràn ń yin tirẹ̀ nínú òkè lọ́hùn-ún. Títí dòní, mo máa ń gbọ́ èkejì yẹn lójú oorun.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, hẹ́dímásítà ní èmi ni n ó yin ìbọn. Inú mi dùn! Obìnrin kankan kò ṣe é rí ní ilé-ìwé wa. Àmọ́ àwọn tíṣà ọkùnrin ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìka tó ń lọ ata, ṣé ó lè fa ìbọn? Hẹ́dímásítà fúnra wọn ní àwọn á dúró tì mí, tó bá ti kọ̀ fún mi, àwọn á gbà á.

Òótọ́ sì ni, ìbọn náà le. Bí mo bá fi ìka kan fà á, kò ní mì. Bí mo bá fi méjì sí i, ọwọ́ mi á gbọ̀n, ojú mi á fún pọ̀, àwọn ọmọ tó ń wò mí á sì ti sá lọ kí ó tó dún! Ṣé eré ìje nìyẹn?

Mo gba àṣẹ, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ, Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ẹ mọ àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, èdè Òyìnbó la fi ń ronú. “Smooth” ló wà lọ́kàn mi, pé kí fífà rẹ̀ máa lọ geere. Mo bá ní, “Bàbá, ẹ bá mi mú ìbọn yìí dán.” Wọ́n ní kò burú.

Nígbà tí mo padà lọ, háà! Ìbọn ń kọ mànà! Bàbá ti fi yanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o títí mo fi rí ojú ara mi lára rẹ̀. Mo fà á. Ó le bíi ti àná.

Ni omi bá bọ́ lójú mi. Bàbá bi mí pé:

“Kí ló dé? Ùbọn ọ̀ún éè dán ni?”

Mo ní ó dán, ó tilẹ̀ dán jù, ṣùgbọ́n ọ̀la ni spọ́ọ̀tì, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ mi. Mo fi ìka hàn wọ́n pé ibi tí à ń fà yìí ni mo fẹ́ kó má há mọ́. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní a jẹ́ pé dídán kọ́ ni mò ń wá, rírọ̀ ni.

“Urin lè dán kó sì le, ọmọ mi.”

Wọ́n tú u. Irin kékeré méjì ló ń ha ara wọn nínú lọ́hùn-ún. Bàbá kán àdín sórí òkúta ìpọ́nbẹ tó kúnná, wọ́n ń rọra pọ́n ibi tí irin méjèèjì ti pàdé, wọ́n á tò ó padà, wọ́n á fà á sétí, wọ́n á tún tú u. Mo jókòó sórí àpótí. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, èéfín ń gòkè nínú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣẹ́ẹ́... ṣẹ́ẹ́... ni òkúta ń dún. N kò mọ̀ bóyá mo sùn tàbí mo jí. Ó ń ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni wọ́n ń pọ́n, pé gbogbo ohun tó ń ha ara wọn nínú mi ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣé ó ti ṣe ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀ rí? Lójú oorun yẹn ni mo gbọ́ tí Bàbá ń sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Lọ́jọ́ kejì, ọyẹ́ bo orí Olósùnta. Àwọn ọmọ ti tò sórí ìlà. Hẹ́dímásítà dúró tì mí, wọ́n ti na ọwọ́ sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ abiyamọ. Mo gbé ìbọn sókè, mo ní kí àwọn ọmọ múra, mo fi ìka kàn án.

Ó rọ̀ débi pé n kò mọ ibi tí fífà parí sí. Mo ṣì ń dúró dè é nígbà tí Olósùnta dáhùn láti òkèèrè: gbòà! Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé mo ti yìn ín. Àwọn ọmọ ti ń lọ nínú eruku, kò sí ẹyọ kan tó ṣíwájú ìbọn!

Hẹ́dímásítà wo ọwọ́ òfìfo wọn, wọ́n wá fi pàtẹ́wọ́.

Bàbá wà láàárín èrò. Wọ́n kígbe pé ṣé ó dán àbí kò dán? Mo kígbe padà pé, “Ó rọ̀, Bàbá!”

Láti ọjọ́ náà, kí n tó bẹ ènìyàn níṣẹ́, mo máa ń bi ara mi pé ṣé dídán ni mo fẹ́ ni, àbí rírọ̀? Ẹ wo bí gbogbo wa ṣe ń gbàdúrà kí ọ̀la wa dán! Ó lè dán kó má ṣeé fà o. Ẹ̀yin ńkọ́, ọ̀rọ̀ wo ló ti yí padà mọ́ yín lẹ́nu rí? Ẹ sọ ọ́ fún mi, arúgbó ni mí, mo ní àkókò láti gbọ́. Ní tèmi, bí mo bá kúnlẹ̀ báyìí, kó rọ̀ ni mo máa ń tọrọ.