Agbẹjọ́rò Tó Máa Ń Rin Ààlà

Tí mo bá ti rí bàtà tí ẹrẹ̀ bò, agbẹjọ́rò àgbà tí mo ń bá tẹ̀wé ní Àkànràn ni mo máa ń rántí. Wọn kì í buwọ́ lu ìwé ilẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rin ààlà, kí wọ́n sì fọwọ́ kan pèrègún ibẹ̀.

Nígbà tí èmi àti àbúrò bàbá mi fẹ́ pín oko, lọ́yà kékeré tó ń bá agbẹjọ́rò àgbà ṣiṣẹ́ ní kí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n inú fóònù rẹ̀ bá òun kọ ìwé náà. Kí n tó pọn ọmọ mi tán, ìwé ti jáde.

Bàbá agbẹjọ́rò wò ó títí. "Ta ló rìn ín?"

"Háà, Dádì! Ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn," ni lọ́yà kékeré wí fún ọ̀gá rẹ̀.

"Fóònù ò mọ̀nà oko. Ìyá ọmọ, ó yá, ká lọ."

Ìgbà tí a dé oko la rí i pé odò ni ìwé náà fi ṣe ààlà. Bẹ́ẹ̀, òdìkejì odò ni pèrègún wa wà, níbi tí ibojì bàbá mi wà. Ká ní mo ti buwọ́ lù ú ni, ibojì ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá fa ìwé náà ya.

Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí. Lọ́yà kékeré ló ń fi ìwé ránṣẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo máa ń bi í pé, "Ta ló rìn ín?" Ẹ̀rín ló fi ń dá mi lóhùn. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni mò ń fura sí.