Àyè Tí Wọ́n Yà Sọ́tọ̀ fún Wa

Ibà ló gba ẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà, mi ò sì rántí ìgbà tí mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn. Ohun tí mo rántí ni pé ní àgbàlá wa ní Bẹyẹrúnká, ọmọbìnrin tí kò bá lè gbé igbá ọjà lérí, wọn kì í mọ ibi tí wọn yóò fi sí. Bàbá mi ló mọ ibi tí òun yóò fi mí sí. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń ṣe, ó ń fi òwú ṣe ọnà sọ́rùn agbádá fún àwọn alájì, orí ẹní ló sì ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Èmi náà ò nàró kí n tó jẹun. Ìjókòó ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ yìí á kàwé, á jókòó ṣiṣẹ́ bíi tèmi." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ń gbé mi sí èjìká lọ sí iléèwé títí mo fi wúwo jù fún un, lẹ́yìn náà ó wá ọ̀pá fún mi.

Mo kàwé olùkọ́, mo yege, ṣùgbọ́n mi ò ríṣẹ́ ìjọba. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní iléèwé aládàáni kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, yàrá méjì péré, tó jẹ́ pé bí òjò bá ti ṣú, a ó kó gbogbo ọmọ jọ sí igun ibi tí páànù kò ti jò. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin, tí ìjọba ológun ìgbà náà kéde pé àwọn fẹ́ gba olùkọ́ tuntun sí àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí rédíò ni bàbá mi ti gbọ́ ọ. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ti pè ẹ́ o!"

"Ta ló pè mí, Bàbá?"

"Ìjọba. Wọ́n ní àwọn ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara tó kàwé olùkọ́. Ta tún ni, bí kì í bá ṣe ìwọ?"

Mo lọ gba fọ́ọ̀mù. Lóòótọ́, ó wà nínú ìwé náà, pẹ̀lú òǹtẹ̀: àwọn àyè kan wà tí ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ dí, àfi àwa.

Àjà kẹta ni wọ́n fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wa sí. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìdí àtẹ̀gùn, ó ní kí n gùn ún lẹ́yìn. Mo kọ̀. Mi ò fẹ́ kí àwọn tó máa gbà mí síṣẹ́ rí mi lẹ́yìn bàbá mi. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, mo kẹ́yìn sí òkè, mo ń fi ọwọ́ gbé ara mi gùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá mi sì ń gbé ọ̀pá mi tẹ̀ lé mi. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Nígbà tí mo fi dé òkè, ẹ̀yìn aṣọ funfun mi ti dọ̀tí.

A ju mẹ́wàá lọ lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó jókòó tì mí jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí ojú rẹ̀ fọ́. Ó ti kọ́kọ́ lọ sí iléèwé àwọn afọ́jú kó tó kàwé olùkọ́ láàárín àwọn tó ń ríran. Ó bi mí pé, "Àtẹ̀gùn mélòó lẹ kà?" Mo ní mi ò kà á. Ó ní mọ́kànlélógójì ni.

Àwọn mẹ́ta ló wà lẹ́yìn tábìlì. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin abikùn kan, wo ọ̀pá mi kó tó wo ìwé ẹ̀rí mi.

"Ṣé ẹ lè dúró títí iléèwé á fi jáde?"

Mo ní, "Orí àga gíga ni mo máa ń jókòó sí, sà. Ọwọ́ mi ń tó pátákó."

"Bí ọmọ bá wá sá jáde ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ mi kì í sá jáde."

Ó rẹ́rìn-ín. Kò bi mí ní ohunkóhun nípa ìṣirò tàbí nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní kíkà. Obìnrin kan tó wà lápá òsì rẹ̀ rọra sọ fún mi pé, "Ọmọ dáadáa lẹ. Ọlọ́run á ṣe é lọ́nà míràn." Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo ti mọ̀ pé wọn ò ní gbà mí.

Wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì kan nísàlẹ̀ Mápó. Èmi àti ọkùnrin yẹn pàdé níbẹ̀. Mo ka ìwé náà fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí orúkọ mi, kò sí tirẹ̀. Ní ìparí pátápátá, níbi tí wọ́n kọ àyè tiwa sí, ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: kò sí ẹni tó kún ojú òṣùwọ̀n.

"Ẹ tún un kà," ó wí.

Mo tún un kà.

Ó ní, "Ìyẹn ni pé àga wà, àwa tí a máa jókòó sórí rẹ̀ náà wà, wọ́n wá ní kò sẹ́nìkan. Ẹ jẹ́ ká lọ bi wọ́n nílé ẹjọ́."

Bàbá mi ló bá wa wá lọ́yà. Ọmọ oníbàárà rẹ̀ kan ni, ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́, ó sì gba ẹjọ́ náà tọkàntọkàn. Ohun tí a ń bẹ ilé ẹjọ́ fún kò ju méjì lọ: kí wọ́n mú ìwé máàkì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò jáde kí gbogbo ayé rí i, kí wọ́n sì pàṣẹ pé kí àyè náà má ṣe di ti ẹlòmíràn títí ẹjọ́ yóò fi parí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá mi wọ agbádá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọnà sí, èyí tó ń fi pamọ́ de ọdún Iléyá. Adájọ́ kò wá gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n sún un síwájú.

Bí ẹjọ́ náà ṣe rí nìyẹn. Bí adájọ́ bá wá, lọ́yà ìjọba á ní òun ò tíì rí ìwé gbà. Bó bá rí ìwé gbà, ìyanṣẹ́lódì á ti kọ́ọ̀tù pa. Wọ́n gbé adájọ́ kìíní lọ sí ìlú mìíràn, a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àlìfù. Àṣẹ tí a bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí wọ́n má fi ẹlòmíràn dí àyè náà, wọ́n ní àwọn á gbọ́ ọ pọ̀ mọ́ ẹjọ́ gan-an. Ìwé máàkì ńkọ́? Akọ̀wé ìjọba kan búra pé òjò wọ yàrá fáìlì, ó sì ti bà á jẹ́. Lọ́yà ìjọba dìde, ó ní, "Olúwa mi, ìmọ̀ràn lásán ni ìwé tó ya àyè sọ́tọ̀ yẹn, kì í ṣe òfin. Bí wọn ò bá rí ẹni tó yẹ, ẹnikẹ́ni ò lè fi tipá mú wọn." Lọ́yà wa béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé a ò yẹ, nígbà tí wọn ò bi wá ní ìbéèrè kankan nípa iṣẹ́. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n sún un síwájú.

Ní ọdún kẹta, ọkùnrin afọ́jú yẹn wá sí àgbàlá wa. Ó jókòó lórí ẹní bàbá mi, kò jẹ, kò mu.

"Wọ́n fún mi níṣẹ́," ó wí. "Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn afọ́jú ní híhun àga. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹjọ́."

"Híhun àga? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé olùkọ́?"

"Ọmọ mẹ́ta ni mo bí." Ó wá bi mí pé, "Ṣé ẹ ń bínú?"

Mo ní mi ò bínú. Irọ́ ni. Mo bínú sí i fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí pé wọn ò fi nǹkan kan lọ èmi, mi ò sì mọ ohun tí ǹ bá ṣe bí wọ́n bá fi lọ̀ mí.

Ó wá ku èmi àti bàbá mi. Ikọ́ ti ń bá a jà nígbà náà. A máa ń rin ìrìn wa láti Bẹyẹrúnká dé ibi tí a ti ń wọ mọ́tò ní Bẹẹrẹ, èmi ń dúró sinmi, òun náà ń dúró wúkọ́, tí a kò fi mọ ẹni tó ń dúró de ẹnìkejì. Nígbà tí kò lè dìde mọ́, ó máa ń bi mí bí mo bá dé, "Ọjọ́ wo ni wọ́n sún un sí?" Bí mo bá ti sọ ọ́, á ní, "Ó ti sún mọ́ nìyẹn." Ó kú lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, a sì sin ín lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, adájọ́ dájọ́. Kò pẹ́ rárá. Ó ní ìgbanisíṣẹ́ tí à ń bá wọn ṣẹjọ́ lé lórí ti parí láti ọjọ́ pípẹ́, ọdún rẹ̀ ti kọjá, àyè tí à ń wí kò sí mọ́, àti pé ilé ẹjọ́ kì í pàṣẹ lórí ohun tí kò sí. Kò sọ bóyá wọ́n rẹ́ wa jẹ tàbí wọn ò rẹ́ wa jẹ. Ó ní òun kí olùpẹjọ́ fún ìfaradà rẹ̀.

Lọ́yà mi tẹ̀ lé mi jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. "A lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn."

"Ọdún mélòó nìyẹn á tún gbà?"

Mo kí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ mọ́tò lọ sílé. Àwọn ìyàwó ilé bi mí ohun tí wọ́n wí. Mo ní ó ti parí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Alihamudulilai," ó rò pé a jàre ni, mi ò sì lókun láti tún ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe fún un.

Bí ọdún kan lẹ́yìn náà, obìnrin kan dì mọ́ apá mi ní Mọlété níbi tí mo ti ń dúró de mọ́tò. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn tábìlì lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní òun ti fẹ́ sọ fún mi tipẹ́: kí ẹjọ́ wa tó pé oṣù mẹ́fà ní kọ́ọ̀tù, wọ́n ti kó àwọn ọmọ èèyàn wọn sínú àyè wa, àwọn tí ara wọn pé pérépéré.

Mo bi í pé, "Máàkì mi ńkọ́? Ṣé mo yege?"

Ó ní, "Wọn ò fún ìkankan nínú yín ní máàkì. Ìwé máàkì yẹn ò fìgbà kan sí rí."

Ó ní kí n foríji òun. Mọ́tò tí ń lọ sí Ọjà'ba dé, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ń pariwo pé kí aláìsàn ẹsẹ̀ yẹn tètè wọlé bó bá ń lọ. Mo wọlé.