Káfíńtà Tí Kì Í Gbàgbé, àti Kọ́bọ́ọ̀dù Ìyàwó Rẹ̀

Láyé ìgbà tí káfíńtà á ní "ẹ padà wá lọ́la", tí oníbàárà á lọ bí ọmọ méjì kó tó padà wá bá pákó tí wọn ò tíì gé, ọkùnrin kan wà tó kọ̀ láti bá ẹgbẹ́ ṣe. Bó bá ní Ọjọ́rú, Ọjọ́rú ni. Bó bá ní aago mẹ́rin, ẹ lè fi tún aago yín ṣe. Àwọn káfíńtà yòókù ò fẹ́ rí i sójú. Wọ́n ní ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Kọ-ọ́-sílẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sóhun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní kọ́kọ́ yọ pẹ́ńsù pupa tó há sétí kó tó dáhùn.

Pákó gbọọrọ kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ibẹ̀ ló ń kọ gbogbo iṣẹ́ sí, bí wọ́n bá ṣe dé ni wọ́n ṣe ń tò. Láràárọ̀, kó tó fọwọ́ kan ayùn, á ṣa pátákó kékeré kan nínú àjẹkù iṣẹ́ àná, á kọ iṣẹ́ òòjọ́ sí i: "Fá ẹsẹ̀ tábìlì. Lẹ ẹ̀yìn àga. Pọ́n ayùn." Á gbé e kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀. Bó bá parí ọ̀kan, á fa ìlà lé e lórí, á sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù ìrẹsì kalẹ̀. Bí iná bá ń jó òrùlé, tí "pa iná" ò sí lórí pátákó, ẹ má wulẹ̀ bá a sọ ọ́. Nírọ̀lẹ́, á fi ìfági fá ojú pátákó náà títí á fi mọ́ tónítóní, òórùn igi á gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ parí nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin náà ti lọ sinmi. Síbẹ̀, títí dòní, bí ìyàwó rẹ̀ bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń fági, tí òórùn yẹn bá fẹ́ lù ú nímú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró, ẹ̀rín á sì gba ojú rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ló rántí yẹn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọdún mọ́kànlélógún gbáko ló ti fi bá káfíńtà gbé, síbẹ̀ inú páálí laṣọ rẹ̀ ń sùn. Páálí ọṣẹ kan, páálí mílíìkì méjì. Alágbàfọ̀ sì ni obìnrin náà o! Aṣọ ẹlòmíì tó bá lọ̀, ẹ lè fi ìlà rẹ̀ gé búrẹ́dì. Tirẹ̀ á kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, á wọ inú páálí mílíìkì, á sì jáde bí ojú arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun.

Kì í ṣe pé kò sọ. Ó sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, ó sọ ọ́ lórí ibùsùn, ó tilẹ̀ sọ ọ́ níbi tó ti ń rọbí àbíkẹ́yìn wọn.

"Bàbá wọn, kọ́bọ́ọ̀dù mi ń kọ́?"

"Mo ti gbọ́, ìyàwó mi. Kò ní pẹ́ mọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ bó bá ti ń wọlé ló máa ń yọ pẹ́ńsù kúrò létí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sì bá Kọ-ọ́-sílẹ̀ sọ láìsí pẹ́ńsù létí rẹ̀, afẹ́fẹ́ lẹ bá sọ ọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà títí ẹ̀gbọ́n ìyàwó fi wá kí wọn. Akọ̀wé ni ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí, kò lè kan ìṣó kó má kan àtàǹpàkò ara rẹ̀, síbẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta ló wà nílé wọn. Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó wo páálí.

"Ṣé ẹ fẹ́ kó kúrò ńbí ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Háà! Mo ṣe bí káfíńtà lo fẹ́. Àṣé oní-mílíìkì ni!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Mò ń padà bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Bí mo bá tún bá páálí wọ̀nyí, èmi fúnra mi á ra kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ obìnrin yìí lára dé egungun. Kí wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù tí káfíńtà mìíì kàn wọ ilé Kọ-ọ́-sílẹ̀! Àwọn ọ̀tá ọkọ rẹ̀ á jó. Àmọ́ èyí tí kò lè sọ jáde ló dùn ún jù: ọkùnrin tí kì í gbàgbé ẹnikẹ́ni, ṣé òun kì í wá ṣe ẹnì kan ni?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lọ aṣọ tó dára jù nínú páálí ọṣẹ, kò dá a padà, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà kan àti ìyá ìbejì kan ló bá lórí bẹ́ǹṣì. Ó kí wọn, ó sì jókòó tẹ̀ lé wọn.

Ayùn dákẹ́. "Ìyàwó mi! Ṣé kò sí o? Ta ni ara rẹ̀ ò yá?"

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá káfíńtà. Ẹ jẹ́ kó kàn mí."

Tíṣà wo káfíńtà. Káfíńtà wo tíṣà.

"Ẹ̀yin lẹ ń wo ara yín," ni ìyá ìbejì wí. "Oníbàárà ló dé yẹn."

Nígbà tó kàn án, ọkọ rẹ̀ gbọn eruku igi kúrò lọ́wọ́. "Ó dáa, màdáámú. Kí ni kí n bá yín ṣe?"

"Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Onílẹ̀kùn méjì."

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí etí, ó sì dúró síbẹ̀. Ó jọ pé láàárín etí àti pákó ni ọdún mọ́kànlélógún ti dènà dè é.

"Ṣé n ò tíì kọ ọ́ ni?"

"Ògiri yín nìyẹn."

Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ilé adìyẹ alápatà wà níbẹ̀. Àpótí tí ológbò ìyá àgbà kan á máa sùn sí wà níbẹ̀.

"Ológbò gan-an ṣáájú mi," ni obìnrin náà wí.

"Ológbò wá sí ṣọ́ọ̀bù ni," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn jẹ́jẹ́, ojú sì tì í bó ti ń sọ ọ́. Ìyá ìbejì ki ìborùn bọ ẹnu.

Ó béèrè gíga, ó béèrè iye pẹpẹ, ó kọ gbogbo rẹ̀. "Ìkẹtàlélógún ni yín. Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án sí òní." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ fi wọ́n sí àyè tèmi," ni tíṣà wí. "Tábìlì mi lè dúró."

Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà. Obìnrin náà rántí pé ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ó mi orí.

"Rárá. Bí ẹ bá fi mí síwájú, àánú lẹ ṣe mí. Ẹ kọ mí sí àyè mi, kó jẹ́ pé iṣẹ́ lẹ gbà."

Ẹ̀gbọ́n dé lóòótọ́, ó bá páálí lóòótọ́. Kó tó lanu, àbúrò fà á lọ́wọ́ dé ṣọ́ọ̀bù, ó nàka sí ògiri. "Èmi nìyẹn, ìkẹtàlélógún. Wọ́n ti fàlà lé mẹ́wàá."

"O wá ń tò sẹ́yìn ológbò?"

"Ológbò ti gba tirẹ̀ lọ."

Ẹ̀gbọ́n wo pákó náà pẹ́. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta ilé rẹ̀, ilẹ̀kùn ọ̀kan ti já láti ọdún mẹ́rin, káfíńtà rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́la. Ó yíjú sí ọkọ àbúrò rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè ṣì wà?"

"Ìkọkàndínlógójì ni yín."

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, bí aago mẹ́rin ti ń lù, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ ni, ó dúró síta ilé ara rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù wà lórí ọmọlańke lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o. Ṣé ibí ni ilé màdáámú alágbàfọ̀?"

"Ibí ni. Ẹ rọra, ẹ má ha ògiri mi."

Wọ́n gbé e sí ibi tí páálí wà. Obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó tì í. Ó ṣí i, ó tì í. Kò dún. Ó ki orí bọ inú rẹ̀, níbi tí òórùn igi ti kún, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti yẹ kí èèyàn pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ.

"Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?" ni ọkọ rẹ̀ bi í. Ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo oníbàárà ni.

Ó yọ orí jáde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ó wá ku àga tí mo fi ń fọṣọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì."

"Ẹ máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ajé," ni káfíńtà wí. "Kí ẹ tètè dé o. Èrò máa ń pọ̀."