Wọ́n Ní Màmá Mi Kò Níṣẹ́

Ìdí ààrò ni màmá mi wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn ilé wa ní àdúgbò Bẹ́yẹrúnkà, wọ́n ń se ọṣẹ dúdú. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ọkọ ni wọ́n ti ń po omi eérú èèpo kòkó mọ́ àdí, tí wọ́n ń rò ó títí yóò fi dì, tí wọn yóò sì gbé e lọ tà l'Ọ́jà'ba. Ọṣẹ yẹn ló rán èmi àti àwọn àbúrò mi lọ sílé ìwé. Èéfín rẹ̀ náà ló ba ojú wọn jẹ́.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé pẹ̀lú fóònù ńlá kan lọ́wọ́. Ó ní wọ́n rán òun wá wádìí bí ará àdúgbò ṣe ń gbé àti ohun tí wọ́n fi ń jẹun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá," ló fi kí wọn.

Ó bi wá iye èèyàn tó ń sun yàrá kan, ibi tí a ti ń pọnmi, ibi tí a ń yàgbẹ́ sí. Màmá ń dá a lóhùn, wọn ò sì dáwọ́ ọṣẹ rírò dúró.

"Ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́, Màmá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ kẹ̀? Mo kàn wà nílé ni."

Mo yọjú wo fóònù náà. Ó ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: kò níṣẹ́. Ara mi gbóná.

"Ẹ̀yin tí ẹ kí wọn kú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí lẹ rí tí wọ́n ń ṣe?"

"Ẹ má bínú, ma. Iṣẹ́ ìjọba, ṣọ́ọ̀bù àti oko ló wà níbí. Ọṣẹ ò sí níbẹ̀."

Màmá ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Èmi náà mọ̀ pé wọ́n rán an ni. Àwọn tó rán an gan-an ló ń bí mi nínú, àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì to ìbéèrè, tí kò wá sí wọn lọ́kàn pé èèyàn lè fi ààrò bọ́ odidi ilé. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí irú wọn wá ka yàrá wa. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ò tíì tẹ̀yìn wọn yọ.

Ọ̀dọ́kùnrin náà wá rí àyè kan nísàlẹ̀ fóònù rẹ̀ tí wọ́n kọ "òmíràn" sí. Mo dúró tì í títí ó fi kọ ọ̀rọ̀ ọṣẹ náà síbẹ̀ tán.

Nígbà tó lọ, mo bi màmá ìdí tí wọ́n fi ní àwọn ò níṣẹ́.

"Ẹni tó gbé báàgì jáde láàárọ̀ ló níṣẹ́. Èyí, ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́."

Mo gba igi lọ́wọ́ wọn, mo ń ro ọṣẹ, kí wọ́n lè lọ kírun Àsárì.