Kọnkéré Abẹ́ Ṣọkọ Màmá

Orúnkún tó ń dun màmá mi ló jẹ́ kí n lọ mú wọn wá sí Ẹnúgù. Kò jẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ inú oko ni wọ́n gbó sí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi wí fún mi pé, "Bí mi ò bá rí ilẹ̀ fọwọ́ kàn, wàá dá mi padà sílé o." Ta ni yóò máa tọ́jú wọn nílé?

Mo bá ní kí á fi bíríkì mọ ebè gíga sẹ́yìn ilé wa ní Ogui New Layout, kí wọ́n lè máa jókòó lórí àga ro oko wọn. Bíríkìlà tó ti Ngwo wá ní kí á gbẹ́ kòtò yíká etí rẹ̀ nìkan, kí á da kọnkéré síbẹ̀, kí á wá to bíríkì lé e. Èmi tíṣà, èmi kọ̀! Mo ti rí bí àgbàrá ṣe ń wọ́ ilẹ̀ pupa ìlú yìí lọ. Mo ní kó da kọnkéré kárí gbogbo abẹ́ rẹ̀, bí ẹni ń kọ́lé.

Ó wò mí, ó wo màmá. "Ọ̀gá, na you sabi."

"Omi ńkọ́?" Màmá bi mí. "Ibo ni yóò gbà?"

"Màmá, iṣẹ́ ìgbàlódé nìyí."

"Ó dáa, ọ̀gá tíṣà. Èmi tí mo ti ń roko kí wọ́n tó bí ọ, kí ni mo mọ̀?"

Nígbà tí a rọ yẹ̀pẹ̀ kún un tán, Màmá tú kókó etí ìró wọn, wọ́n fọ́n irúgbìn ṣọkọ tí wọ́n gbé wá láti ilé sí i. Oko tí wọ́n ti kó o ti di igbó, kò sí òmíràn mọ́. Ó hù dáadáa. Ni òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi wọ inú ebè, ó kọ̀ kò jáde, bí àlejò tó ti rí oúnjẹ. Gbogbo ṣọkọ jẹrà.

Mo pe bíríkìlà padà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. A yọ yẹ̀pẹ̀, a fi irin àti òòlù lu ihò sí kọnkéré náà. Màmá ń darí wa láti orí àga: "Lu ibí yẹn náà. Rọra o, má wó ilé ìgbàlódé wa! Àṣejù, baba àṣetẹ́."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra. Nígbà tí a dá yẹ̀pẹ̀ padà tán, mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Mo ti ba irúgbìn yín jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ máa lọ sílé, mo máa gbé yín lọ."

Màmá fa etí kejì ìró wọn, wọ́n tú kókó ibẹ̀. Irúgbìn ṣọkọ ni, ó kún àtẹ́lẹwọ́ wọn.

"Ọjọ́ tí o da kọnkéré yẹn ni mo ti pín in sí méjì," wọ́n ní. "Ṣé mi ò mọ ọmọ tí mo bí ni? Dìde, sún àga mi mọ́ ebè."